Òbúkọ Tó Gbalé Mọ́ Ẹkùn Lọ́wọ́

Ewúrẹ́ kan wà ní àdúgbò wa tí mo bẹ̀rù ju ọlọ́pàá lọ. Ìyá kan tó ń ta ata ní ìkóríta ló ni ín. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ojú agbowó-orí. Bí ó bá ń jẹ iṣu èlùbọ́ tí ìyàwó mi sá sórí ẹní, tí mo sì lọgun mọ́ ọn, kì í sá. Yóò gbé orí sókè, yóò máa jẹnu lọ wọ́rọ́wọ́, yóò sì wò mí tìyanu-tìyanu, àfi bí ẹni pé èmi ni mo wá jalè nílé rẹ̀. Àfi tí òkò bá bà á ni yóò tó kúrò. Ìrìn náà ni yóò sì rìn, kò ní sáré.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé òbúkọ kan wà ní Rọ́ṣíà tó bá ẹkùn ṣọ̀rẹ́, tí gbogbo ayé ń sunkún ayọ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìfẹ́ ti borí ìyàtọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìfẹ́ kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì bá ewúrẹ́ gbé àdúgbò rí.

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọgbà ẹranko kan wà nítòsí ìlú Vladivostok tí wọ́n ń pè ní Primorsky Safari Park. Ẹkùn kan ń gbé ibẹ̀ tó ń jẹ́ Amur. Kì í ṣe ẹkùn tiwa, alámì tótòtó. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní tiger ni, èyí tí wọ́n ti kọlà fún láti ọ̀run wá: àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́, pélé níwájú orí, ìlà lẹ́yìn títí dé ìdí ìrù. Olóòlà tó kọ ọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n á ti ẹran ààyè wọ inú ọgbà rẹ̀, kó má baà gbàgbé iṣẹ́ ọdẹ. Ewúrẹ́ wà lára ẹran bẹ́ẹ̀. Amur á pa á, á jẹ ẹ́, á lá ẹnu, á sùn. Ẹnikẹ́ni kò yọ kámẹ́rà sí i. Ẹnikẹ́ni kò sunkún.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2015, oúnjẹ tún dé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n tì í wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn padà. Amur dìde, ó nara, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọkùnrin tó gbọ́ tí wọ́n ń kó abọ́ sórí tábìlì. Oúnjẹ wò ó. Oúnjẹ kò ké, oúnjẹ kò wá ibi tó máa sá gbà. Oúnjẹ tẹ orí mọ́lẹ̀, ó kọ ìwo sí ẹkùn.

Ẹkùn dúró. Ẹ rò ó wò ná. Ẹ jókòó ti àmàlà, ẹ ti fọwọ́, ẹ bu òkèlè àkọ́kọ́, ni òkèlè bá yọjú sí yín, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé kò sí?" Ta ni yóò gbé e mì?

Àwọn ará ọgbà náà ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó kọ́ òbúkọ yìí láti kékeré pé à ń bẹ̀rù ẹkùn. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn ni pé àwọn ewúrẹ́ tó kàwé, àwọn tí ìyá wọn kọ́ ní Ẹkùn Ń Bọ̀, Apá Kìíní, tí wọ́n gba máàkì tó dára, tí wọ́n mọ bí à ń sá àti ibi tí à ń sá sí, gbogbo wọn ti di ìgbẹ́ ẹkùn. Púrúǹtù kan ṣoṣo ló kù láyé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ o, owó ilé-ìwé wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ilé kékeré kan wà nínú ọgbà náà tí Amur máa ń sùn sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òbúkọ ti wọ ibẹ̀, ó nà gbalaja. Ẹkùn dé, ó yọjú, ó rí i pé àyè kò sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹkùn gun orí òrùlé lọ sùn. Lórí òrùlé! Nínú òtútù Rọ́ṣíà, tí ọdún ń parí lọ, tí omi ń di yìnyín!

Ẹ̀yin ará Èkó mọ irú àlejò yìí. Ó ní ọjọ́ méjì péré lòun fẹ́ lò, pé wọ́n pe òun fún ìdánwò iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ ìkòkò tí ẹran wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ni rìmóòtù wà. Oṣù kan pé, ẹ bá ara yín lórí àga gígùn ní pálọ̀, òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó sì ń bi yín láàárọ̀ pé kí ló dé tí ẹ fi ń hanrun tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò lè jẹ àlejò tiyín. Amur lè jẹ tirẹ̀, ó sì tún lọ sórí òrùlé.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ òbúkọ lórúkọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń sọ ẹ̀kọ lórúkọ kó tó jẹ ẹ́? Timur ni wọ́n pè é. Jagunjagun kan tó da àárín gbùngbùn Éṣíà rú ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, irin sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọn kò ṣìṣe rárá. Timur, mo kí ọ. Oúnjẹ tó bá ọlọ́jẹun jà sí àga. Ẹran inú ọbẹ̀ tó ní kí ìkòkò sún kúrò, òun fẹ́ yáná. Òbúkọ wọ ilé alápatà, ó béèrè yàrá àlejò. Wọ́n fi ọ́ ṣe àsè, o di olórí àsè. Àwọn baba ńlá rẹ tí wọ́n fi ṣe ìrúbọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣé wọ́n mọ̀ pé wọ́n kàn lè kọ̀ ni?

Amur, ìwọ náà súnmọ́ ibí, wá gba tìẹ. O ní èékánná tó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Bí o bá bú ramúramù, ọkàn ọdẹ tó gbé ìbọn dání á fò sókè. Odò ńlá tó pààlà Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ló ń jẹ́ orúkọ tí ò ń jẹ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwọ ni ẹran tó ń jẹ koríko ń lé kúrò nílé? Kí lo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ nínú igbó? Pé àwẹ̀ lò ń gbà? Àwọn kan ní àánú ló ṣe ọ́. Èmi ní èrò tèmi: òórùn ni. Ẹni tó bá ti bá òbúkọ wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣakí dé Ìbàdàn rí, tí fèrèsé kò ṣeé ṣí, mọ̀ pé ó ní irú òórùn kan tó máa ń mú kí oúnjẹ kúrò lọ́kàn èèyàn. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò tíì bi mí léèrè.

Wọ́n wá di kòríkòsùn. Ẹkùn á ṣíwájú, òbúkọ á tẹ̀ lé e kiri inú ọgbà, nínú yìnyín, bí bàálẹ̀ àti akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n á fi orí kan orí, wọ́n á sá eré díẹ̀, òbúkọ á padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè máa wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n láàárọ̀, ní ọ̀sán, lóru. Mo mọ ọkùnrin kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó jókòó ní ilé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, tó ń fi fóònù wo Timur, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé, tó ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ẹ wo ìfẹ́." Ọwọ́ kejì wà nínú àwo àsun. Mo wo àsun. Mo wo fóònù. Ọbẹ̀ ata rodo ló ń mú un lójú, tàbí ọ̀rọ̀ Timur? Mo bi í pé ẹran kí ló ń jẹ. Ó ní mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí Timur dúró nìyí. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ewúrẹ́ wo lẹ rí tó mọ ibi tó yẹ kóun dúró? Nígbà tó rí i pé ẹkùn kò sọ̀rọ̀ nípa bẹ́ẹ̀dì, ó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kan ẹkùn fúnra rẹ̀. Ó ń fi ìwo kàn án, ó ń dí i lọ́nà, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú kámẹ́rà. Amur ń fà sẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ti sọ̀rọ̀ nípa àgbò tó tàdí mẹ́yìn, wọ́n sì mọ ohun tó lọ mú wá. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé Timur kò kàwé. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2016, ó gun ẹkùn mọ́lẹ̀, ó fi pátákò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ẹní.

Amur dìde, ó gbá a mú ní ẹ̀yìn ọrùn, ó gbọ̀n ọ́n bí ìyàwó ilé ṣe ń gbọn àkísà, ó sì jù ú sísàlẹ̀ òkè. Ó tán. Kò jẹ ẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: ẹkùn tó bínú dé ibi tó ju òbúkọ nù, tó sì rántí pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí.

Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Timur ń tiro. Wọ́n wá gbé e lọ gba ìtọ́jú ní Moscow, ìrìn tó lé ní 9,000 kìlómítà téèyàn bá gba ojú irin. Ẹ rí i bí? Òbúkọ tí wọ́n rà kí ẹkùn fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ló ń lọ olú-ìlú fún ìtọ́jú bí olóṣèlú tí ọ̀fìnkìn mú. Ó tún padà sílé láàyè, ó ń gbé bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ nínú ọgbà náà, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní àwọn yóò fi idẹ ṣe ère rẹ̀. Mo mọ àwọn ọba tí kò ní ère. Kò sí ìròyìn pé Amur sunkún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ilé ló sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èyí tó jọ ìfẹ́ díẹ̀, Kẹ́ńyà ló ti ṣẹlẹ̀, Ìjàpá ló sì wà nídìí ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti dijú. Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, tó jẹ gbèsè lọ́wọ́ gbogbo ẹranko, tó bá àwọn ẹyẹ lọ sí ọ̀run lọ jẹ oúnjẹ gbogbo wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ nítorí ọ̀kánjúwà! Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, èyí ò bá ẹbí tiwa tan.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun nítòsí Indonéṣíà, òkun sì ru títí dé etí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìtòsí Malindi ní Kẹ́ńyà, ọmọ erinmi kan tí omi ti yà nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ há sórí òkúta nínú òkun, níbi tí iyọ̀ ti ń ta á lára. Àwọn apẹja àti àwọn ará ìlú tú jáde pẹ̀lú àwọ̀n. Kékeré kọ́ ni wàhálà náà: ọmọ tó lé ní 200 kìlò, tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, tí ẹ̀rù sì ń bà á. Wọ́n fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tó sa agbára láti mú un sọ ọ́: Owen. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà Haller Park ní Mombasa. Ibẹ̀ náà ní ìtàn: kòtò ńlá ni, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wa òkúta lọ, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ René Haller sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí láti bí ọdún 1970 wá, títí ilẹ̀ fi jí.

Nínú ọgbà náà ni Mzee wà. Àgbà ni Mzee lédè Swahili. Ìjàpá ńlá láti erékùṣù Aldabra ni, wọ́n sì ṣírò pé ó tó ẹni 130 ọdún. Ẹ fojú inú wò ó: ó ti tó ẹni ogójì ọdún nígbà tí Lugard so Àríwá mọ́ Gúúsù ní 1914. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ti rí gbogbo ohun tó fẹ́ rí. Kò wá ọmọ, kò wá ọ̀rẹ́, kò wá ẹni tó máa kí i kú àárọ̀. Ewé ló fẹ́ jẹ, oòrùn ló fẹ́ yá.

Bí wọ́n ṣe tú Owen sílẹ̀, ó sáré lọ sápamọ́ sẹ́yìn Mzee, bí ọmọ ṣe ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mzee ṣe hàáà sí i, ó sún kúrò. Owen sún tẹ̀ lé e. Mzee tún sún. Sáré tí ìjàpá lè sá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, ọmọ ti dé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ilẹ̀ ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn olùtọ́jú bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n fara tira. Bí ẹ bá bi mí, Mzee kò gbà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rí ìyàwó fẹ́ náà nìyẹn, kí ìyàwó mi má gbọ́.

Kí ló dé tí Owen fi yan ìjàpá? Àwọn tó mọ̀ nípa ẹranko ní ọmọ tí kò rí ìyá á dìrọ̀ mọ́ ohun tó bá kọ́kọ́ fún un ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Ohun tó wà níwájú Owen ni nǹkan gàǹgà kan, tó rí rìbìtì, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eérú, tí kò sì sáré. Téèyàn bá wo ìyá erinmi láti ẹ̀yìn nínú òkùnkùn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyá tí kò ní ọmú ni, àmọ́ ọmọ aláìnílé kì í yẹ ìwé ẹ̀rí wò.

Owen ń jẹ ewé bí Mzee ṣe ń jẹ, ó ń wẹ̀ nígbà tí Mzee bá wẹ̀. Wọ́n ní àmì láàárín ara wọn: bí Owen bá fẹ́ kí bàbá dìde, á fi ẹnu gbá a lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ rìn, á gé e nírù jẹ. Akọ̀ròyìn ará Ọsirélíà kan, Peter Greste, ya fọ́tò wọn, fọ́tò náà sì yí ayé ká. (Ọkùnrin yìí kan náà ni ìjọba Íjíbítì fi sẹ́wọ̀n nítorí iṣẹ́ ìròyìn, tó lo 400 ọjọ́ níbẹ̀. Ẹkùn àti òbúkọ lè gbélé pọ̀; ìjọba àti akọ̀ròyìn, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà.) Wọ́n fi ìtàn náà ṣe ìwé àwọn ọmọdé ní 2006.

Ìwé náà kò sọ bó ṣe parí, nítorí kò tíì parí nígbà yẹn. Ọmọ erinmi kì í dúró ní ọmọ. Owen ń tóbi, ó ń fi bàbá ṣeré bí bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù sì ń ba àwọn olùtọ́jú fún ẹ̀yìn àgbà. Ní 2007, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ wúńdíá erinmi kan, Cleo. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé Owen padà wá kí bàbá nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ tọ́ ọmọ-ọmọ títí tó fi lọ Kánádà, ẹ ò nìkan wà.

Ti Japan nìyí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọgbà ẹranko kan ní Tokyo, ní 2005, ejò kan kọ̀ láti jẹ eku inú yìnyín tí wọ́n ń fún un. Wọ́n bá mú hamster, irú eku kékeré ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá, wọ́n jù ú sí i láàyè. Ejò kò jẹ ẹ́. Eku náà gun ẹ̀yìn ejò lọ sùn. Wọ́n wá sọ eku lórúkọ, Gohan, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Japan sì ni "oúnjẹ". Mo gbóríyìn fún ẹni tó sọ ọ́. Òun nìkan nínú gbogbo wọn ni kò purọ́.

Ó ku abo kìnnìún Samburu, ní àríwá Kẹ́ńyà. Ti èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín tó. Ní nǹkan bí ọdún 2002, ó gba ọmọ oryx, ẹran oníwo gígùn tó jọ ìgalà, ó sọ ọ́ di ọmọ. Kò jẹ ẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Àwọn ará Samburu pè é ní Kamunyak, ẹni ìbùkún. Ìbùkún wo? Kìnnìún kò ní wàrà fún ọmọ ẹran, ọmọ kò lè bá a lọ sóde, òun náà kò sì lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ dọdẹ. Ebi ń pa ìyá, ebi ń pa ọmọ, wọ́n dùbúlẹ̀ ti ara wọn, àwọn òǹwòran ń ya fọ́tò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, akọ kìnnìún kan wá gbé ọmọ náà jẹ lójú rẹ̀. Ó tún gba òmíràn. Ó sì tún gba òmíràn. Kamunyak, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ mo mọ obìnrin kan ní ìran wa tó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ẹ wo gbogbo wọn dáadáa. Wọ́n ní wọ́n borí ìyàtọ̀. Ta ló borí nǹkan kan? Timur kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Owen rò pé ìyá lòun rí. Ejò ti yó, tàbí oúnjẹ kò wù ú. Ẹyọ ẹnì kan tó mọ̀, Kamunyak, ebi ló rí gbà. Àti pé ní Vladivostok, ní Mombasa, ní Tokyo, ẹnì kan wà tó ń gbé oúnjẹ wá lásìkò, ògiri sì wà láyìíká. Ẹ fún ẹkùn ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òun náà á di onísùúrù. Bí wọ́n bá ń gbé àmàlà wá fún èmi náà bẹ́ẹ̀, mo lè fara da ewúrẹ́ ìyá aláta.

Èyí tí mo gbà gbọ́ nínú ọ̀rẹ́ ẹranko wà nítòsí, àwọn tó ń ya fọ́tò kò sì kà á kún: lékeléke àti màlúù. Ẹ lọ dúró lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí àwọn darandaran bá ń kọjá. Màlúù ń tẹ koríko, ẹlẹ́ǹgà ń fò sókè, lékeléke ń he é. Wọn kì í fara tira sùn, wọn kì í fi orí kan orí. Bí màlúù bá bínú tó mi orí, lékeléke á fò gun ẹ̀yìn òmíràn. Ó ní ìyẹ́, ó sì mọ̀ pé òun ní in. Kò bá ẹnikẹ́ni du bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọdé kì í tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ níbẹ̀, èékánná funfun ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò lè fi ìyẹn ṣe ìwé àwọn ọmọdé. Kò sí omijé níbẹ̀.

Ibi tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí dé nìyí tí mo dìde lọ bu omi mu. Iṣẹ́jú méjì ni mo lò. Nígbà tí mo padà, ewúrẹ́ ìyá aláta wà lórí àga mi. Bó ṣe rí ilẹ̀kùn gbà, mi ò mọ̀. Ìwé tí mo kọ ìpínrọ̀ Kamunyak sí, ìdajì rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ wọ́rọ́wọ́. Mo lọgun. Ó wò mí. Mo na ọwọ́ sí bàtà. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó kọ ìwo sí mi.

Mo ronú nípa ìmọ̀ tí mo ní. Mo ronú nípa ọjọ́ orí mi, nípa àwọn tó ń kí mi lọ́nà pé "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo wo ìwo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo mú bírò mi jẹ́jẹ́, mo lọ jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni mo ti parí ẹ̀. Atẹ́gùn wà níbẹ̀, kò burú.